Ewúrẹ́ Búlúù Dárasími

Àṣejù ni ìwà Wùmí. Kò sí ohun tí Dárasími, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, lè dáwọ́ lé tí ìyá rẹ̀ ò ní já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ iléèwé, Wùmí ni yóò ṣe é. Irun bèbí, Wùmí ni yóò dì í. Irú ìyá wo tilẹ̀ nìyẹn? Ó ń sú èèyàn!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n gbéra láti ilé wọn ní Silicon Oasis, ní Dubai, lọ sí mùsíọ́mù kan ní Sharjah. Wọ́n na aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ sára ògiri níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé lè jọ ya ẹranko sí i fún àfihàn kan. Azeezat, ọmọ Ìbàdàn tó ń bójú tó wọn, ti kìlọ̀: "Ọwọ́ ọmọ nìkan la fẹ́ o. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, àga yín rèé."

Dárasími ya ewúrẹ́ búlúù kan, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ó ti ṣèlérí fún ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn pé ewúrẹ́ wọn lòun máa yà, wọ́n á sì rí i lórí fídíò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí àfihàn náà. Inú ọmọ ń dùn ṣìnkìn.

Ara Wùmí ò gbà á. "Ẹsẹ̀ márùn-ún kẹ̀? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Mú búrọ́ọ̀ṣì wá!"

"Mọ́mì, tèmi ni..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀," Azeezat bẹ̀ ẹ́.

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, Azeezat."

"Tàgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè, mà."

Wùmí kọ etí ikún. Bí Azeezat ṣe yíjú sí ọmọ mìíràn báyìí, ó fi ọ̀dà yẹ́lò bo ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di kìnnìún tó gún régé. Dárasími ò sunkún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ jókòó sórí àga tí wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí. Lọ́jọ́ àfihàn, wọ́n ti rán aṣọ funfun bo kìnnìún Wùmí, torí kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé ló yà á; gbogbo òbí sì ń wò ó. Ìyá àgbà ń wò lórí fóònù.

"Dárasími, ewúrẹ́ mi dà?"

"Mọ́mì fi ọ̀dà bò ó, Màmá."

Ìtìjú mú Wùmí. Azeezat gbé búrọ́ọ̀ṣì fún ọmọ náà kó ya òmíràn. Dárasími gbà á, ó sì nà án sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ yà á, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n yà."

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ kì í jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, ẹ gbọ́: àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Iṣẹ́ ọmọ tó wọ́ sàn ju iṣẹ́ ìyá tó gún lọ. Ọmọ tẹ́ ẹ bá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè má fẹ́ dì í mú mọ́ lọ́la.