Tíṣà Ní Kó Tú U

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni Richard dé gbọ̀ngán ìpàdé kan ní Ìkòsí, òun àti Kẹ́misọ́lá ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Testimony ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Richard ló gbé ọmọ. Òun náà ló fi fóònù ìyàwó rẹ̀ sápò, kó má baà sọnù.

Ọjọ́ náà ni Kẹ́misọ́lá máa kọ́kọ́ rí Mummy Oyèṣọlá lójúkojú. Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tó ti ń kọ́ iṣẹ́ òwú híhun lọ́wọ́ wọn láì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Òwòdé Onírin tí Richard ti ń ta irin, ó máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá wọn láti ìta kó tó lọ síbi iṣẹ́, nítorí olè. Kabirat tí wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò á wá dúró sójú fèrèsé, á gbé fóònù tirẹ̀ sáàárín irin fèrèsé, Kẹ́misọ́lá á sì máa wo fídíò bí ọwọ́ Mummy Oyèṣọlá ṣe ń yí òwú mọ́ abẹ́rẹ́ gígùn méjì. Gbogbo Tọ́sìdeè ni Kabirat máa ń mú òwú tuntun wá. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá mu, á gbà á, á dá a padà fún tíṣà. Richard kò rí i bíi nǹkan burúkú. Iṣẹ́ tí kì í mú obìnrin jáde nílé ni.

Kabirat náà ló sọ fún un pé iléèwé kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ tí òun àti tíṣà wà bá wọn hun kádígàànù fún àwọn ọmọ, àmọ́ tíṣà gbọ́dọ̀ fojú ara wọn rí iṣẹ́ ẹni tí wọ́n bá máa fún. Ọjọ́ mẹ́rin ni Richard fi rò ó.

Ó ní, "Èmi fúnra mi ni mo máa mú un lọ."

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán, ó rí àga oníke kan, ó jókòó, ó gbé ọmọ lé itan. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ló kọjú sí títì.

Ó sọ fún Kẹ́misọ́lá pé, "Tó o bá ṣe tán, o máa bá wa níbí. Èmi àtọmọ ò ní kúrò."

Àwọn obìnrin bí ogún ló wà nínú ilé. Mummy Oyèṣọlá kúrú ju bí wọ́n ṣe rí nínú fídíò lọ. Kẹ́misọ́lá kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni Kẹ́misọ́lá. Iṣẹ́ yín ni mo máa ń wò tí mi ò fi…"

Tíṣà ò ní kó dìde. Wọ́n na ọwọ́.

"Iṣẹ́ dà?"

Kádígàànù ọmọdé ni, aláwọ̀ ewé. Mummy Oyèṣọlá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fa etí rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ìranù yìí?" Ohùn wọn dé ìta.

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

"Má dárúkọ mi sí i! Ṣé àpò ìrẹsì lò ń hun ni, àbí aṣọ ọmọ èèyàn?"

Obìnrin kan tó jókòó nítòsí mú kádígàànù náà, ó fọwọ́ pa á, ó wo ojú tíṣà, ó sì dá a padà sórí tábìlì. Kabirat ń to abẹ́rẹ́ sínú agolo, kò gbójú sókè.

Richard ti dìde, ó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mummy, ẹ bá mi sọ fún un. Mo ti sọ ọ́ títí. Kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin lọkọ ẹ̀? Ẹ mà kú ìfaradà o. Ẹ wò ó, mi ò lè gbéṣẹ́ fún un báyìí. Àfi kó tú u pátá, kó tún un bẹ̀rẹ̀ níbí kẹ́ ẹ tó lọ."

"Ó máa pẹ́ tó wákàtí mélòó?"

"Méjì. Bọ́wọ́ ẹ̀ bá yá ná."

Richard wo aago. Ó ní òun máa dúró.

"Ọkọ gidi ni yín," ni tíṣà wí.

Bí Testimony ṣe gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ń sunkún, òun náà figbe ta. Mummy Oyèṣọlá fa ojú ro.

"Ariwo ọmọ yìí ò ní jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ẹ gbé e fún ìyá ẹ̀. Kíṣìnnì wà lẹ́yìn níbẹ̀yẹn, ibẹ̀ ni kí wọ́n jókòó sí kó máa tú iṣẹ́ ẹ̀. Mi ò fẹ́ rí i láàárín àwọn tó mọṣẹ́."

Richard ò tètè yọwọ́ lára ọmọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Kẹ́misọ́lá dorí kodò, omijé rẹ̀ ń kán sórí òwú aláwọ̀ ewé náà. Richard rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé ọmọ fún un.

Kabirat gbé àga ṣíwájú, Kẹ́misọ́lá tẹ̀ lé e tòun tọmọ. Nígbà tó ṣe, Kabirat nìkan jáde, ó fa ilẹ̀kùn kíṣìnnì dé, ó padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìpàdé ń lọ. Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí Richard tún dìde.

"Mummy, mo fẹ́ yọjú sí wọn."

"Ẹ jókòó, Daddy Testimony," ni Mummy Oyèṣọlá dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí wàhálà ìyàwó yín wà fún yín ná, kẹ́yin náà lè máa ṣọ́ ọ nílé."

Ó dùn mọ́ Richard nínú. Ó jókòó.

Ọkọ̀ tó ti ń dúró de Kẹ́misọ́lá àtọmọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíṣìnnì ti kọjá Ìbàfò nígbà yẹn, ó ń gbé wọn lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n Kẹ́misọ́lá ọkùnrin mẹ́ta ní Ṣakí. Mummy Oyèṣọlá, tí wọ́n ti ń rí lẹ́tà Kẹ́misọ́lá gbà nínú òwú tí Kabirat ń dá padà láti bí oṣù mẹ́ta, sì fa àga sún mọ́ Richard, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù iṣẹ́ tí kò ní àléébù kankan fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú.