Iyọ̀ Inú Dúrọ́ọ̀mù Safiyyah

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí débi tó parí sí, nítorí ohun tó ṣe Hùmúàní lè ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ní aládùúgbò.

1.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí Hùmúàní, ìyá Nabeelah, ti ń ta fúláwà, ìyẹn àwọn igi òdòdó tí wọ́n ń gbìn sílé, létí títì ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Nígbà tí Safiyyah, ìyàwó àfáà, gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó to fúláwà tirẹ̀ náà sínú nàílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ̀rín ni Hùmúàní rín.

"Ọmọ àná! Ọ̀gbẹlẹ̀ kan péré ló máa lé e lọ."

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé lóòótọ́. Kànga Hùmúàní gbẹ, omi tó ń rà kò sì tó nǹkan. Ewé íkísórà rẹ̀, igi kékeré olódòdó pupa tí àwọn èèyàn ń gbìn yí ilé ká, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ti Safiyyah ńkọ́? Ó ń dán, ó ń yọ òdòdó fòò, bíi pé orí tirẹ̀ nìkan ni òjò ń rọ̀ sí. Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Hùmúàní. Bí oníbàárà kan bá ti yà sọ́dọ̀ Safiyyah, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́.

2.

Àlhájì Umar tó ń kọ́ ilé ìgbàlejò nítòsí wá sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ Ajé. Íkísórà tó máa yí gbogbo ọgbà ilé náà ká ló ń wá.

"Ìyá Nabeelah, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa ń rà, ṣùgbọ́n ẹ wo ti ẹnì kejì yín. Mò ń padà bọ̀ ní Sátidé. Ẹni tí tirẹ̀ bá tutù jù ló ni iṣẹ́."

Hùmúàní mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ òun, ó parí nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn tó máa gbé ọjà òun dé ìgbà òjò.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ aládùúgbò rẹ̀. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Àfáà Habibullah, ọkọ Safiyyah, máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá láti mọ́sálásí rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ kéú ti ń kọ wàláà. Omi náà kì í mọ́ gaara. Wọ́n á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù ńlá kan.

"Hàǹtú ni!" ni Hùmúàní wí fún ara rẹ̀. "Wàláà tí wọ́n kọ Àlùkùráánì sí ni wọ́n fọ sínú omi yẹn. Wọ́n fi ń fa oníbàárà mi lọ!"

Ǹjẹ́ ó bi Safiyyah? Kò bi í o. Ẹnìkan ti sọ fún un rí pé iyọ̀ ló ń ba agbára hàǹtú jẹ́. Kò rántí ẹni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n owú kì í béèrè ẹ̀rí. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ra iyọ̀ tó pọ̀ ní ọjà Ipata. Bí Safiyyah ti lọ kírun Àílà, Hùmúàní da iyọ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi igi rò ó títí tó fi yòrò.

Nígbà tí Safiyyah padà dé, Hùmúàní ti di ẹrù rẹ̀. "Nabeelah ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mò ń lọ kí i ní Ọ̀ffà. Ó di Sátidé."

"Ẹ bá mi kí i o, Ìyá Nabeelah. Ẹ má ronú fúláwà yín rárá."

Hùmúàní kò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti wọ kẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ ń dùn.

3.

Sátidé pé. Hùmúàní sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Safiyyah. Gbogbo ewé ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó wá wo tirẹ̀.

"Yéè! Ta ló ṣe mí báyìí?"

Etí ewé íkísórà rẹ̀ ti jó bíi pé iná rà á. Òmíràn ti wọ́ sílẹ̀ pátápátá. Igi ẹlẹ́gùn-ún mélòó kan nìkan ló ṣì dúró.

Safiyyah sáré wá, ó kúnlẹ̀, omi lójú. "Ẹ foríjì mí, Ìyá Nabeelah! Mi ò fẹ́ kí tiyín gbẹ kí ẹ tó dé. Ọ̀sẹ̀ yìí ló yẹ kí n ra omi bọ́hóòlù fọ iyẹ̀pẹ̀ tèmi, kí ìdọ̀tí omi dúrọ́ọ̀mù má bàa dì sí i, ni mo bá ń bu gbogbo omi dúrọ́ọ̀mù sí tiyín. Mi ò mọ ohun tó ṣe é, wallahi!"

Àlhájì Umar ti dé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ìka bọ ìwọ̀nba omi tó kù nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Iyọ̀ rèé!"

Safiyyah ń wo ojú Àlhájì, ó ń wo ojú Hùmúàní. Hùmúàní di apá Safiyyah mú. Kò lè jẹ́ kí ẹni tó ṣe é lóore máa tọrọ àforíjì lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde, Safiyyah. Èmi ni mo da iyọ̀ sí i. Mo rò pé hàǹtú ni."

"Hàǹtú kẹ̀? Subuhanallahi! Omi àlùwàlá ni! Omi tí àwọn èèyàn fi wẹ ọwọ́ wẹ ẹsẹ̀ ní mọ́sálásí, tó ń ṣàn dànù tẹ́lẹ̀. Kò sí ọṣẹ nínú ẹ̀. A kàn ń jẹ́ kó tòrò ni, kí n tó bomi rin igi." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyá Nabeelah, tẹ́ ẹ bá bi mí lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá ní kí Àfáà máa gbé tiyín wá pẹ̀lú."

Safiyyah ló gba iṣẹ́ Àlhájì. Kò lé Hùmúàní, kò sì bú u. Ìtìjú ló lé e kúrò ní Tanke. Títí di òní, koríko kò tíì hù dáadáa níbi tí omi oníyọ̀ yẹn ti ṣàn sí.

Ìwọ tó ń ka èyí, ta ni ò ń jowú? Bí nǹkan ẹlòmíì bá ń tutù, tí tìrẹ ń gbẹ, lọ bi í bó ṣe ń ṣe é. Ẹnu tí a fi ń béèrè kò wúwo tó iyọ̀ tí a gbé láti Ipata. Ṣọ́ra fún owú, nítorí ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.