Òjìji Ilé Eleuterio

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́.

1.

Ní El Alto wa níbí, lórí òkè Bolivia, òtútù oṣù kẹfà kì í ṣeré. Omi inú garawa á di yìnyín mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ara á tù wá. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń jókòó láràárọ̀ ní pápá kékeré tó wà láàárín àdúgbò. Wọ́n á kẹ́yìn sí oòrùn, wọ́n á máa jẹ ewé kóka, wọ́n á máa bú ara wọn ṣeré. Ọwọ́ ara wa la fi gbin igi kiswara tó yí pápá náà ká. Opó kan tó ń jẹ́ Mama Satuka ló ń ru omi wá bomi rin wọ́n nígbà tí wọ́n kéré.

"Satuka, sún díẹ̀! Fìlà rẹ ń jẹ oòrùn mi!" Don Zenobio, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, á pariwo.

"Oòrùn kí lo tún fẹ́ yá? Ìwọ tó o ti gbẹ bí ẹran tí wọ́n sá sórí òrùlé!"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín.

2.

Eleuterio ni ọmọ kan ṣoṣo tí Mama Satuka bí. Aṣọ ló ń tà, ó sì rí ṣe. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ní òun yóò sọ ilé ìyá òun di ilé alájà márùn-ún tó ní gbọ̀ngàn ijó àti gíláàsì aláràbarà, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n apá àríwá pápá ni ilé náà wà, ibẹ̀ gan-an sì ni oòrùn ti ń tàn sí wa nígbà òtútù.

Don Zenobio lọ bá a. "Eleuterio ọmọ mi, àjà méjì tó. Bó o bá kọjá bẹ́ẹ̀, inú òjìji lo máa sin wá sí."

Eleuterio rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé oòrùn náà ti di ogún bàbá yín ni?"

Ìyá rẹ̀ náà dá sí i. "Ọmọ mi, oòrùn yẹn ni mo fi ń wo eegun mi."

"Màmá, màá ra ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná fún yín. Ẹ ò ní rántí oòrùn mọ́."

Kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó da ọtí sílẹ̀ fún Ìyá Ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀. Kò tọrọ lọ́wọ́ àwa tí a jọ ń gbé orí ilẹ̀ náà.

3.

Ilé parí, ó rẹwà. Wọ́n gé àwọn igi kiswara kí àwọn tó wá jó lè ráyè gbé ọkọ̀ sí. Òjìji bo pápá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, àwọn àgbà sì fọ́n ká. Ikọ́ dé àwọn kan mọ́lé. Don Zenobio kò jáde mọ́. Ó ń sùn, ó ń jí, kò rí ẹni tó máa bú.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, ẹsẹ̀ Mama Satuka mú un jáde bó ṣe mọ́ ọn lára. Yìnyín tí oòrùn ìbá ti yọ́ kó tó mu tíì tán ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ̀, ó ṣubú. Eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.

4.

Dókítà ní kò ní lè fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa gbé e sí oòrùn, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dá wà.

Orí òrùlé nìkan ni oòrùn àárọ̀ kù sí. Eleuterio gbé aṣọ aláràbarà tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà nígbà èwe rẹ̀. Ó fi pọ̀n ìyá náà, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, ẹ wò ó. Gbogbo oòrùn El Alto, tiyín nìkan ni."

Ìyá wo ìsàlẹ̀. Pápá ṣófo.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí? Ta ló máa sọ fún mi pé fìlà mi ń jẹ oòrùn òun?"

Eleuterio sáré lọ kúnlẹ̀ fún Don Zenobio pé kó wá bá ìyá òun jókòó. Omi lé ròrò sójú bàbá náà.

"Ó wù mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò lè gun àtẹ̀gùn yẹn. Ilẹ̀ la ń jókòó sí. Ìwọ lo gbé oòrùn lọ sókè."

Kí ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀, Mama Satuka dágbére fáyé. Eleuterio ti gbin kiswara mìíràn sí pápá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ru omi bomi rin wọ́n. Nínú òjìji yẹn, wọn kò tíì ga ju orúnkún lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, kí ẹ tó gbé àjà kan lé òmíràn, ẹ wo ibi tí òjìji rẹ̀ máa ṣubú sí, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń jókòó níbẹ̀. Igi tí ẹ fẹ́ gé àti oòrùn tí ẹ fẹ́ dí, ìlera ẹlòmíràn ni. Ó lè jẹ́ ti ìyá yín. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ẹni tó bá lé àwọn ènìyàn lọ, òtútù ni yóò fi bora.