Omi Àlùwàlá ní Gìránádà

Láti àárọ̀ ni Alhaja Súwébátù ti ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ìlú Gìránádà, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàsírátù ọmọ rẹ̀, tó mú un wá sí Sípéènì, ní, "Mọ́mì, ẹ yéé dójú tì mí." Ọ̀rọ̀ náà korò lọ́kàn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n wọ mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Alhaja ń gbọ́ omi tó ń kán tó, tó, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀. Ó yà sẹ́yìn òpó kan. Bàbá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá." Ó kúnlẹ̀. Bàbá náà mi orí sí i, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ṣọ́ kan sáré dé, ó ń jágbe ní èdè Sípéènì. Bàsírátù túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ó ní ẹ dìde, Mọ́mì! Wọn kì í kírun níbí."

"Ta ló ń kírun? Bàbá yìí ni mo kúnlẹ̀ fún."

"Bàbá wo?"

Alhaja wẹ̀yìn. Ilẹ̀ tó rin fún omi nìkan ló kù. Ẹ̀ṣọ́ náà tẹjú mọ́ omi náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àkísà ìnulẹ̀ wá.

"Kí ló tún ń sọ?"

Bàsírátù di apá ìyá rẹ̀ mú.

"Ó ní bàbá tó ń ṣe àlùwàlá náà tún ti dé."