Ọ̀bùn Tó Ń Fi Iná Wo Imú

Ọ̀bùn ni ọkùnrin yìí. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó ń wọ aṣọ funfun báláú, ó ń lo lọ́fíńdà, síbẹ̀ ọ̀bùn paraku ni, ọ̀lẹ sì tún ni. Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Tí àsìkò tí koríko ń tanná bá dé, tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó gba ojú afẹ́fẹ́ kan, àwọn kan wà tí imú wọn kì í sinmi. Wọ́n á máa sín, ojú á máa yún wọn. Irú wọn ni Oníná ń tọ́jú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Á ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ihò imú, iná pupa á tàn níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ara ń tu àwọn mìíràn, wọ́n sì ń padà wá.

Rọ́bà ló ń bo orí ọ̀pá méjèèjì. Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé rọ́bà tó bá ti wọ imú ẹnì kan kò gbọdọ̀ wọ ti ẹlòmíràn, àfi tí wọ́n bá sè é nínú omi tó ń hó. Oṣù kan péré ló fi sè é. Ó kọ́kọ́ ní gáàsì tán. Nígbà tí gáàsì dé, ó ní omi kì í yọ. Ẹ kúkú mọ̀ pé ikú ọkọ ni ọ̀bùn rí tìràn mọ́. Ó wá bu omi tútù sínú abọ́ funfun kan tó ní ìdérí. Inú rẹ̀ ló ti ń fi ẹ̀mú mú rọ́bà jáde níwájú èèyàn bíi dókítà ńlá, inú rẹ̀ náà ló ń dá a padà sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi da omi náà nù. Ikun imú oríṣiríṣi èèyàn ń léfòó lójú rẹ̀. Ẹ gbà mí! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, èébì ń gbé mi.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí abọ́ náà lọ́jọ́ kan, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá Ìbejì, ṣé imú ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń ki èyí bọ?"

"Ta ló rí i? Ṣebí ìdérí wà lórí rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sè é."

"Gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ tìẹ, jàre."

Láìpẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà kan wá láti iléeṣẹ́ tó ń gbin òdòdó tà. Ọgọ́fà òṣìṣẹ́ ló ń sín níbẹ̀. Tí iṣẹ́ Oníná bá tẹ́ màmá yìí lọ́rùn, òun ni wọ́n máa gbé gbogbo wọn fún. Ọdún méjì ló ti ń lálàá irú iṣẹ́ yìí.

Káfíńtà kan tí eéwo yọ sí nínú imú, tí ọyún ń jáde níbẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga.

"Ṣé ẹ ń sè é?" ni màmá bèèrè.

"Há, mà! Ní gbogbo ìgbà tá a bá lò ó."

"Ó dáa. Ọmọ mi, kọ́kọ́ fi sí imú tìẹ kí n wò ó."

Oníná wo abọ́. Ó wo àwọn mẹ́fà tó ń dúró lórí bẹ́ńṣì. Rọ́bà káfíńtà ló wà lókè. Tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sè é ná, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, àmọ́ irọ́ rẹ̀ á tú, iṣẹ́ á sì bọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Kò sí wàhálà, mà." Ó ki méjèèjì bọ imú. Ó tutù, ó ń yọ̀. Nǹkan kan ṣàn lọ sẹ́yìn ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó máa retí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Oníná jó yí tábìlì ká.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé tí wọ́n dé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Imú Oníná ti wú débi pé ojú rẹ̀ kò là mọ́, òórùn rẹ̀ sì ti lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú yàrá. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹran tó ti jẹrà kúrò ní ihò imú òsì. Ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ abọ́ fún dókítà. Àwọn wolé-wolé gbé abọ́ náà jáde, wọ́n ṣí i lójú gbogbo àdúgbò. Àwọn tí wọ́n ti tọ́jú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì lójú títì. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ọsibítù kan fẹ́ fọ egbò rẹ̀. Oníná di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti se nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín yẹn?"

Káfíńtà ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó fi bándéèjì imú rẹ̀ kọjú sí i.

"Ẹ ò rí ọ̀dájú! Nígbà tó jẹ́ imú tiwa ńkọ́?"



Ẹ̀yin èèyàn mi, iná yẹn ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ẹlẹ́gbin tó mú un ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí èèyàn bá gbé ara rẹ̀ lé lọ́wọ́ kó tọ́jú, ohun tí kò lè fi kan ara tirẹ̀, kó má fi kan ti ẹlòmíràn. Ìdérí abọ́ lè tan aráyé jẹ fúngbà díẹ̀, kò lè pa ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá sì bi yín bóyá ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, tí ẹ ò tíì ṣe é, ẹ sọ pé ẹ ò tíì ṣe é. Ìtìjú ìṣẹ́jú mẹ́wàá sàn ju imú tó jẹrà lọ.