Fìlà Òkùnkùn

Nígbàkigbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìrànwọ́ fún àwa afọ́jú bá ń ṣèpàdé, wọ́n á kọ́kọ́ dé fìlà òkùnkùn, kí ojú tiwọn náà lè fọ́ fúngbà díẹ̀. Èmi Mojírádé nìkan ni kì í dé e. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí.

Lónìí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má hú irin tí a ń dì mú rìn lọ sọ́jà. Alága mí kanlẹ̀ bó ṣe ń ṣí fìlà tirẹ̀.

“Ìyá wa, àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́jú tán ni. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ. Ẹ máa lọ sinmi nílé, a ti mọ ohun tójú yín ń rí.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì dìbò kí wọ́n hú u.

Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Látìgbà tí wọ́n ti dé fìlà títí wọ́n fi ṣí i, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dìde lórí àga.