Ògiri Tí Wọ́n Dí Lẹ́nu

Ọkùnrin kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju etí rẹ̀ lọ. Ẹnjinníà ni. Iṣẹ́ ògiri tó ń dá ilẹ̀ òkè dúró kó má baà ya wálẹ̀ ni ó kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n bí o bá ta kò ó lẹ́nu iṣẹ́, ìgbátí ni ìdáhùn. Ọ̀gá Ẹ̀ṣẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò lójú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ kọ́lé ara rẹ̀, ìdí òkè ló gé tó kọ́ ọ sí. Òun àti àbúrò rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ẹnjinníà, jọ ṣe ògiri gíga sẹ́yìn ilé. Amọ̀ ni òkè náà, bí amọ̀ bá sì mu omi yó, yóò wú, yóò wúwo, yóò máa ti ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n sì ki páìpù kéékèèké bọ inú rẹ̀ kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde. Yàrá tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri náà gan-an ni ìyá wọn ń gbé, torí pé ibẹ̀ tutù, kò sì sí ariwo.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ti ògiri yìí yàtọ̀, ẹnu tó là ni ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀gá Ẹ̀ṣẹ́ mọ èyí. Ohun tó bí i nínú ni pé omi pupa tó ń kán láti ẹnu páìpù ń ba táìlì funfun tó tẹ́ sí àgbàlá jẹ́. Ó pe bíríkìlà rẹ̀, ó ní kó fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo wọn. Ọkùnrin náà rọra bi í pé níbo ni omi yóò wá gbà. Ìgbátí tó gbà nídìí ìbéèrè yẹn, eyín kan bá a lọ. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí àbúrò gbọ́, ó gbé irin wá láti tú àwọn ihò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lórí rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí omi ń ṣe," ni àbúrò wí. "Yàrá Ìyá ló wà níbẹ̀ yẹn."

"Iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ, ìwọ lo wá fẹ́ fi kọ́ mi?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó la ọ̀pá ṣọ́bìrì mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ṣubú, ó ń ta á nípàá ní ìhà títí egungun fi dún. Ìgbà tí ìyá wọn fi ara rẹ̀ bo èyí tó wà nílẹ̀ ló tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ba táìlì jẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí omi ti ṣe lọ. Wọ́n gbé àbúrò lọ sí ọsibítù, kò sì padà sí ilé náà mọ́. Ìbínú kò da nǹkan fún ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Òjò wá dé. Àgbàlá mọ́ tónítóní, inú Ọ̀gá Ẹ̀ṣẹ́ dùn. Ó rí i pé wọ́n tún ògiri kùn, ó yin bíríkìlà, tó ṣì ń mọ ọgbà ilé náà lọ́wọ́. Kò bi í léèrè ohun tó fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì. Ògiri ya láti àárín, òkè sì tẹ̀ lé e. Amọ̀, kọnkéré àti irin ya wọ yàrá ìyá, ó run ún mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Ẹ̀ṣẹ́ fi èékánná walẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi bó. Nígbà tí wọ́n máa rí ìyá, àyà rẹ̀ ti fọ́, amọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀.

Ó bá fò mọ́ bíríkìlà, ó fún un lọ́rùn.

"Ìwọ lò ń kun ògiri yìí. Ṣé o ò rí i pé ó ń wú ni?"

"Mo rí i, ọ̀gá. Ó wú, ó sì ti là. Mo fẹ́ wá sọ fún yín, Ìyá ló dá mi dúró. Wọ́n ní ẹ máa pa mí bí ẹ ṣe fẹ́ pa àbúrò yín. Wọ́n ní kí n rọra dí i, kí n kùn ún. Mo ní kí Ìyá náà kúrò ní yàrá yẹn, wọ́n ní bí àwọn bá kó jáde, ẹ máa bi àwọn nídìí."

Ọwọ́ rẹ̀ tú kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà. Ó wò yíká, kò rí ẹni tí yóò lù.

Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù nítorí ikú ìyá, àbúrò rẹ̀ ló sì jẹ́rìí ta kò ó. Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn tí ẹ̀ṣẹ́ tiwọn le ju tirẹ̀ lọ, wọ́n sì ń lù ú bó ṣe wù wọ́n. Kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò ṣòro. Ẹni tó bá ń lu àwọn tó ń kìlọ̀ fún un kò ní í rí ẹni tí yóò ké sí i lọ́jọ́ tí ewu bá dé. Ẹ má sọ fún mi pé ìyá ló yẹ kó sọ̀rọ̀, ẹni tó mú kí ìyá bẹ̀rù ọmọ tó bí ni kí ẹ bá wí. Ìwọ olórí ilé, ìwọ ọ̀gá ibi iṣẹ́, jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ lè sọ ohun tí ojú wọn rí láìgbọ̀n. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí amọ̀ tó mumi ń ṣe ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ ìmọ̀ náà kò gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀.